Orí Kẹrin: Ìbọn Ìléwọ́ Onígáàsì fún Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Owó Ná

Iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí ìbọn ìléwọ́ onígáàsì kọ́ ni iye tí yóò ná yín. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn yín kí ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀bù, nítorí òun ni gbogbo orí yìí dá lé. Ìbọn airsoft ń jẹ owó lẹ́yìn tó bá ti dé ilé. Mágásíìnì ń jẹ owó, gáàsì ń jẹ owó, ọta ń jẹ owó, rọ́bà tín-ín-tín tó bàjẹ́ nínú fáàfù náà ń jẹ tirẹ̀. Ẹni tó mọ èyí á ra ìbọn £110 tí mágásíìnì rẹ̀ wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, á sì fi ti £75 tí kò sẹ́ni tó ń ta ohun èlò rẹ̀ sílẹ̀.

Fún ẹni tí eré náà ṣì ṣàjèjì sí: àwọn tó ń ṣe airsoft máa ń pín sí ẹgbẹ́ méjì, wọn á wọ inú igbó tàbí ilé ńlá tí wọ́n ti pa tì, wọn á sì máa yìn fún ara wọn ní ọta roboto oníke tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6. Ẹni tí ọta bá bà á gbé ọwọ́ sókè, á sì jáde. Ọta náà kì í fi àmì sílẹ̀ lára aṣọ, nítorí náà òótọ́ inú àwọn eléré ni eré dúró lé. Japan ló ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, níbi tí òfin kò ti gba ará ìlú láyè láti ní ìbọn ìléwọ́ gidi. Láti ibẹ̀ ló ti tàn dé Taiwan, Hong Kong, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Òfin àti owó Britain ni mo fi ṣe ìwọ̀n nínú orí yìí, nítorí ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, òfin ibẹ̀ lórí ohun tó jọ ìbọn sì le.

Òfin ṣáájú owó

Ní Britain, òfin Violent Crime Reduction Act ti ọdún 2006 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ta ohun tó jọ ìbọn gidi fún ẹni tí kò ní ìdí tí òfin fọwọ́ sí. Airsoft wà lára ìdí tí òfin fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n olùtajà gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí pé eléré ni yín lóòótọ́. Ẹ̀rí tó wọ́pọ̀ jù ni àkọsílẹ̀ UKARA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ohun èlò eré náà. Ẹ ó ti ṣeré ní pápá tó wà lábẹ́ wọn, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta, láàárín àkókò tí kò dín sí ọjọ́ 56, kí pápá náà tó lè fi orúkọ yín ránṣẹ́. Ẹ sì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18. Ẹni tí kò tíì sí lórí àkọsílẹ̀ lè ra ìbọn tí wọ́n ti kùn ní àwọ̀ títàn, bíi búlúù, ọsàn tàbí àwọ̀ ewé, nítorí òfin kò ka irú ìyẹn sí ohun tó jọ ìbọn gidi.

Àwọn kan máa ń kánjú ra aláwọ̀ títàn yìí. Èmi kò fara mọ́ ọn fún ẹni tó ń ṣọ́ owó ná. Ọjọ́ 56 yẹn gan-an ni àkókò tó dára jù láti kọ́ ohun tí ẹ fẹ́ láìná owó púpọ̀. Ẹ yá ohun èlò pápá. Ẹ bẹ àwọn eléré tí ẹ bá bá níbẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ẹ di tiwọn mú, kí ẹ yìn ín sí pátákó. Wọn kì í sábà kọ̀. Ẹ wò ó bóyá ọwọ́ yín gba ìdìmú rẹ̀, bóyá ìka yín dé tírígà láìfà á tipátipá. Ọwọ́ kì í dọ́gba, ìbọn tí gbogbo ayé ń yìn lè tóbi jù fún yín. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹ bá ti lọ, ẹ ó mọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ fún yín lọ.

Ọ̀rọ̀ agbára ìbọn wà nínú òfin pẹ̀lú. Policing and Crime Act ti ọdún 2017 fi òpin sí joule 2.5 fún ìbọn tó ń yìn lẹ́yọ lẹ́yọ, àti joule 1.3 fún èyí tó ń yìn léraléra bí ẹ bá di tírígà mú. Ṣùgbọ́n pápá kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì gbà ju ẹsẹ̀ bàtà 350 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ̀lú ọta tó wọn gíráàmù 0.20. Ìyẹn jẹ́ joule 1 àti díẹ̀. Èyí tó bá lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ kò wúlò fún yín, bó ti wù kí wọ́n pọ́n ọn tó nínú ìpolówó.

Ó ku ohun kan tí mi ò lè fò dá. Ohun ìṣeré yìí jọ ìbọn gidi débi pé ọlọ́pàá kò lè mọ ìyàtọ̀ láti ọ̀ọ́kán. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá yìnbọn fún Tamir Rice, ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọmọ ọdún 12, nínú ọgbà ìṣeré ìta gbangba, ọmọ náà sì kú lọ́jọ́ kejì. Ìbọn airsoft ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmì aláwọ̀ ọsàn tó yẹ kó wà lẹ́nu rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn òbí tó ń kàwé yìí, ẹ má ṣe fi ìbọn airsoft sílẹ̀ níbi tí ọmọ lè dé. Ẹ̀yin eléré, ẹ má ṣe yọ ọ́ ní ojú pópó, nínú ọkọ̀, lójú fèrèsé, tàbí nínú ọgbà ẹ̀yìn ilé tí aládùúgbò ti lè rí i. Inú àpò tí a ti pa dé ni kó máa wà láti ilé dé pápá, kí mágásíìnì wà lọ́tọ̀. Ní Britain, gbígbé e kiri ní gbangba láìnídìí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ẹ má sì ṣe kó o sínú àpótí wálé sí Nàìjíríà láti fi han àwọn àbúrò. Ìbọn ìléwọ́ tó ń fi afẹ́fẹ́ yìn wà lára ohun tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù wa kò fẹ́ rí rárá, agolo gáàsì tó ń gbiná kò sì gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Gáàsì ni ẹ ó kọ́kọ́ yàn

Ẹni tó bá yan ìbọn kó tó yan gáàsì ti fi ìpàkọ́ ṣíwájú. Gáàsì mẹ́ta ló wọ́pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ń pàṣẹ irú ìbọn tó yẹ kí ẹ rà.

Èyí tí wọ́n ń pè ní green gas ló wọ́pọ̀ jù. Propane ni, èyí tó wà nínú gáàsì tí a fi ń dáná, tí wọ́n fi òróró sílíkóònù díẹ̀ sí kí rọ́bà inú ìbọn má baà gbẹ. Omi ló jẹ́ nínú mágásíìnì. Bí ẹ bá fa tírígà, díẹ̀ nínú omi náà á di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń ti ọta jáde. Bí omi ṣe ń di afẹ́fẹ́, ó ń gba ooru lára irin tó yí i ká. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan sìlíńdà gáàsì níbi tí wọ́n ti ń se ìrẹsì ìnáwó, tí iná ń jó kíkankíkan, mọ bí ara sìlíńdà náà ṣe máa ń tutù tí omi á sì máa sẹ̀ lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mágásíìnì kékeré ọwọ́ yín ń ṣe. Bí ẹ bá yìn ín léraléra láìsinmi, á tutù, agbára á já wálẹ̀, ọta tó ń lọ tààrà tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já sílẹ̀ nítòsí.

Ojú ọjọ́ ń dá kún un. Ní 20°C, agbára propane tó nǹkan bí psi 110. Ní 0°C, kò ju nǹkan bí ìdajì ìyẹn lọ. Ìdí nìyí tí ìbọn tó ń ké ramúramù ní oṣù Keje fi ń ya ọ̀lẹ ní oṣù Kejìlá. Ẹ máa fi mágásíìnì sínú àpò àyà, lábẹ́ ẹ̀wù òtútù, kí ooru ara yín máa mú un lọ́wọ́ọ́wọ́. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Gáàsì kejì ni HFC134a, tí wọ́n ń lò nínú ẹ̀rọ amúlétutù ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Agbára rẹ̀ kéré sí ti green gas, kì í sì í gbiná bíi tirẹ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ ará Japan ti ń fi yìn, nítorí òfin wọn kò gba kí ọta mílímítà 6 kọjá joule 0.98. Ẹ rántí èyí, nítorí ìbọn tí wọ́n ṣe fún ọjà Japan ni wọ́n ṣe fún agbára kékeré yìí.

Ẹ̀kẹta ni CO2, tó máa ń wà nínú ìgò irin kékeré oní gíráàmù 12. Agbára inú rẹ̀ ju psi 800 lọ ní 20°C, fáàfù mágásíìnì ló ń bu díẹ̀díẹ̀ jáde nínú rẹ̀. Òtútù kì í tètè borí rẹ̀, ó sì ń ta sẹ́yìn lọ́wọ́ ẹni débi tí inú àwọn ọ̀dọ́ fi máa ń dùn. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń gbá ìbọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń jẹ ẹ́ lára. Mágásíìnì rẹ̀ sábà máa ń wọ́n ju ti gáàsì lọ. Bí ẹ bá ti lu ìgò irin náà, ẹ gbọ́dọ̀ lò ó tán kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà, kí rọ́bà má baà wà lábẹ́ agbára yẹn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ó sì rọrùn kí ìbọn CO2 kọjá òpin tí pápá fi lélẹ̀.

Lójú tèmi, green gas ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rà. Bí ó bá jẹ́ pé ìta gbangba nígbà òtútù ni ẹ ó ti máa ṣeré jù, ẹ wá ìbọn tó ń gba mágásíìnì méjèèjì, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ Taiwan bíi WE àti KJ Works ń ṣe. Ẹ ó máa fi gáàsì yìn nígbà ẹ̀rùn, ẹ ó sì ní CO2 kan nílẹ̀ de oṣù Kìíní.

Èyí tó ń sún àti èyí tí kì í sún

Nínú oríṣi kan, irin orí ìbọn, tí àwọn eléré ń pè ní sláìdì, máa ń sún sẹ́yìn nígbà tí ọta bá jáde, á sì padà síwájú. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́, nítorí ó ń ṣe bí ìbọn gidi. Nínú oríṣi kejì, sláìdì náà kì í sún rárá. Ìkejì yìí ló yẹ kí ẹni tó ń ṣọ́ owó fojú inú rere wò, ṣùgbọ́n àwọn olùtajà kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Gáàsì tí ì bá fi ti sláìdì ń lọ sára ọta, nítorí náà mágásíìnì kan ń yìn pẹ́. Ohun tó ń gbọ̀n nínú rẹ̀ kéré, ohun tó lè fọ́ náà kéré. Ariwo rẹ̀ kò pọ̀. Mk23 tí Tokyo Marui ti Japan ṣe jẹ́ irú èyí, pẹ̀lú ohun tó ń dín ariwo kù lẹ́nu rẹ̀ látinú páálí, àwọn tó mọ eré sì ń fi í bá oníbọn gígùn figa gbága láti inú igbó. Tírígà rẹ̀ le díẹ̀, ó sì tóbi lọ́wọ́. Bí ẹ bá jẹ́ onísùúrù tó ń lúgọ, owó tí ẹ fi rà á kò ní dùn yín.

Nínú àwọn tó ń sún, ẹ bi olùtajà léèrè bóyá irin tàbí ike ni sláìdì rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń fẹ́ irin. Ṣùgbọ́n irin wúwo, gáàsì púpọ̀ ló ń jẹ, òtútù sì ń tètè mú un lọ́lẹ. Ike ń sún wéré kódà bí agbára bá ti dín kù. Àléébù rẹ̀ ni pé bí a bá ń fi green gas lu èyí tí Japan ṣe fún HFC134a lọ́jọ́ gbogbo, ó lè sán bó bá yá.

Mágásíìnì ni ìbọn

Ẹ̀yin tó ti lo ìbọn airsoft rí mọ̀ pé inú mágásíìnì ni gáàsì ń gbé. Fáàfù wà níbẹ̀, rọ́bà wà níbẹ̀, jíjò wà níbẹ̀. Sláìdì àti ìdìmú lè wà fún ọdún púpọ̀. Mágásíìnì ni yóò máa fa yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan tuntun ń ná nǹkan bí £25 sí £40. Mágásíìnì kan ṣoṣo kò sì tó fún eré: bí 25 sí 30 ọta ló ń gbà, ẹ ó ti yìn ín tán kí ẹ tó kọjá yàrá kejì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ìbọn £100, mágásíìnì méjì sí i ní £30 ọ̀kọ̀ọ̀kan, agolo gáàsì £10, àpò ọta £10: ó ti di £180, ẹ kò sì tíì ra awò ojú.

Nítorí náà, kí ẹ tó fẹ́ràn ìbọn kankan, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye mágásíìnì rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ju ṣọ́ọ̀bù kan lọ tó ní in. Èyí ló sọ mí di ẹni tó máa ń darí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀yà méjì péré. Àkọ́kọ́ ni Hi-Capa, tí Tokyo Marui fi lélẹ̀, tí WE, Army Armament, Vorsk àti Raven sì tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀. Ìkejì ni àwọn tó jọ ìbọn gidi Glock. Nínú ẹ̀yà méjèèjì yìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mágásíìnì ilé-iṣẹ́ kan máa ń wọ ti òmíràn, sípíríǹgì, rọ́bà àti fáàfù sì pọ̀ lọ́jà bí iyọ̀. Kì í ṣe ní gbogbo ìgbà, nítorí náà ẹ mú ìbọn yín dání lọ dán an wò kí ẹ tó sanwó.

Hi-Capa ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ìbọn ṣe, torí kò sí ibi tí kò ṣe é tú nínú rẹ̀. Èyí tó jọ Glock fúyẹ́, ohun tó so mọ́ ọn kò pọ̀, ó sì yẹ ẹni tó kàn fẹ́ fi yìn kó sì lọ sílé. Ti WE àti àwọn bíi tirẹ̀ sábà máa ń wà láàárín £90 sí £130. Tokyo Marui ń ga ju ìyẹn lọ, ó sì yẹ ẹ́: ó ń yìn tààrà láti inú páálí, nítorí rọ́bà hop-up rẹ̀, èyí tó ń yí ọta sẹ́yìn bó ṣe ń jáde kí ó lè fò jìnnà, dán mọ́rán. Bí owó yín bá ká a, tí ẹ̀rùn àti inú ilé sì ni ẹ ti ń ṣeré, ẹ rà á. Bí kò bá ká a, ẹ ra ti WE, kí ẹ fi ìyókù ra mágásíìnì.

Bí ẹ bá fẹ́ kí mágásíìnì pẹ́, kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹ kán òróró sílíkóònù kan sí ẹnu ibi tí gáàsì ń gbà wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń rọ gáàsì, ẹ dojú mágásíìnì dé, kí agolo náà sì dorí kodò lé e, kí omi gáàsì lè wọlé dípò afẹ́fẹ́. Ẹ má ṣe kó o pamọ́ lófìfo. Gáàsì díẹ̀ ni kó wà nínú rẹ̀, kí rọ́bà má baà fún. Òróró tí wọ́n ń fún sí ìpata irin ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kàn án, á jẹ rọ́bà. Ẹ má sì rọ gáàsì nítòsí sìgá tàbí iná.

Ọta àti ojú

Ọta olówó pọ́ọ́kú ń ba ìbọn jẹ́. Ẹ ra gíráàmù 0.25 tàbí 0.28 tó ń dán, tí kò ní ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Atẹ́gùn kì í gbá wọn kiri bíi ti 0.20. Ọ̀pọ̀ pápá ìta ló ń béèrè irú èyí tó ń jẹrà sínú ilẹ̀. Èyí tó bá ti bọ́ sílẹ̀, ẹ má ṣe ṣà á padà sínú mágásíìnì láé, erùpẹ̀ ara rẹ̀ á ha inú agbá ìbọn.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Níbi awò ojú, ẹ má ṣe wá ẹ̀dínwó. Ẹ wo àmì EN166 lára rẹ̀ àti lẹ́tà tó tẹ̀ lé e: F túmọ̀ sí pé wọ́n fi ọta irin kékeré tó ń sáré ní mítà 45 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan dán an wò, B sì túmọ̀ sí mítà 120. Ọta airsoft tó ní joule 1 ń sáré ní mítà 100 bí ó bá wọn gíráàmù 0.20. Lóòótọ́, ọta irin wúwo ju oníke lọ, ṣùgbọ́n èmi kì í fọwọ́ sí ohun tó bá kéré sí B, tàbí tí kò lẹ̀ mọ́ ojú yípo. Nínú ilé, ẹ bo eyín pẹ̀lú.

Àlòkù, àti ọjọ́ àkọ́kọ́ ní pápá

Àlòkù lè gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó púpọ̀, ẹni tó bá ń tà á fún yín náà sì gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí pé eléré ni yín, nítorí òfin kan náà ló de olúkúlùkù àti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sọ fún un kí ó rọ gáàsì sí gbogbo mágásíìnì níṣojú yín, kí ẹ jókòó mu tíì fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ri wọ́n sínú omi; èyí tó bá ń yọ ìfóòfó ń jò. Rọ́bà tuntun lè wò ó sàn, ṣùgbọ́n ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ohun tí ẹ fẹ́ san. Ẹ yìn ín títí ọta á fi tán, kí ẹ wò ó bóyá sláìdì á dúró sẹ́yìn bó ti yẹ. Bí kò bá dúró, ẹ wo ihò kékeré tí irin ìdádúró ń há sí: bí ó bá ti jẹ ní roboto, ìbọn náà ti rìn jìnnà. Ẹ wo orí àwọn síkúrúù pẹ̀lú. Èyí tí orí rẹ̀ ti fá fi hàn pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ti tú u.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ní pápá, wọ́n á gbé ìbọn yín síwájú ẹ̀rọ tó ń wọn ìyára ọta. Ẹ ti rọ gáàsì sí mágásíìnì sílẹ̀, kí ẹ sì sọ irú gáàsì tí ẹ lò, nítorí ìbọn tó wà lábẹ́ òpin ní òwúrọ̀ tútù lè kọjá á ní ọ̀sán tí oòrùn bá yọ. Bí ó bá kọjá 350 níwájú wọn, kò sí ohun tí àríyànjiyàn á tún ṣe. Ẹ dá a padà sínú àpò, ẹ yá ti pápá fún ọjọ́ náà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò níbẹ̀ bóyá fáàfù tó dín agbára kù wà fún irú tiyín, tàbí kí ẹ gbìyànjú gáàsì tí agbára rẹ̀ kéré sí i nígbà mìíràn.